Wọ́n Ní Ìyá Àgbà Kì í Bínú

Ní ọjọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ Ìyá Àgbà, àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ara wọn láti yìn wọ́n. Ẹnì kan ní onísùúrù ni wọ́n. Ẹlòmíràn ní bí a bá gbé gbogbo ẹrù ayé lé wọn lórí, wọn kò ní ráhùn. Nígbà tí ó kan Bàbá Lokongoma, àkọ́bí Ìyá Àgbà, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé àdúgbò Lokongoma ní Lọ́kọ́jà ni wọ́n ń gbé, wọ́n gbé etí agbádá wọn sí èjìká, wọ́n sì sọ pé: "Ìyá wa kì í bínú. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò rí ọjọ́ kan tí Ìyá wa bá ẹnikẹ́ni jà." Gbogbo àgbàlá ṣe àmín.

Èmi kò ṣe é. Mo dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú àtẹ ife lọ́wọ́, mo sì pa ẹnu mi dé nítorí pé bí mo bá là á, ohun tí yóò jáde kò ní dùn létí àwọn àfáà. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá wa kọ́ wa pé a kì í kọ ọ́ sínú àròkọ pé àgbàlagbà purọ́. A lè kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá òtítọ́ mu. Ó dára. Ọ̀rọ̀ Bàbá Lokongoma kò bá òtítọ́ mu. Ìyá Àgbà máa ń bínú. Wọ́n máa ń bínú bí iná ṣe máa ń gbóná, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹni tí ó bá yọ ìbínú kúrò lára wọn dà bí ẹni tí ó yọ eegun kúrò lára ẹja, tí ó sì ní kí ẹja náà máa wẹ̀ lọ.

N kò ní ìtàn ìgbésí ayé wọn láti kọ. Àwọn fúnra wọn kò mọ ọdún tí a bí wọn; bí a bá béèrè, wọ́n á ní odò kún púpọ̀ lọ́dún náà, bí ẹni pé odò kì í kún ní Lọ́kọ́jà lọ́dọọdún. Ìlọrin ni wọ́n ti wá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, wọ́n sì bá ìdílé bàbá àgbà mi nídìí òwò gooro, obì tí àwọn mìíràn ń pè ní gbànja, ní àdúgbò àtijọ́ tí kò jìnnà sí odò. Bàbá àgbà ti kú kí a tó bí mi. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ni mo ti dàgbà. Àwọn yàrá rẹ̀ yí àgbàlá kan ká. Láàárín àgbàlá náà ni igi dógóyárò wà, àdògán wà lábẹ́ rẹ̀, igbó ewé tíì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Níbẹ̀ ni mo ti mọ Ìyá Àgbà, lórí àpótí kúkúrú kan tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ jókòó lé.

Tíì gooro ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn ẹlòmíràn a máa jẹ gooro lẹ́nu lásán; nílé wa, a tún ń mu ún. Nígbà tí a bá ṣí agbọ̀n, tí a ká ewé tí a fi bo gooro kúrò, èyí tí ó ti fọ́ tàbí tí kòkòrò ti fẹnu kàn kò ṣe é gbé lọ sọ́jà. Ìyá Àgbà a gba ìwọ̀nyí, wọ́n a gé ibi tí ó bàjẹ́ sọnù, wọ́n a rẹ́ ìyókù wẹ́wẹ́, wọ́n a sì sá a títí yóò fi gbẹ táútáú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yan án nínú àgbada tí kò ní epo, kí ó tó kan odó kékeré. Atalẹ̀ tútù àti kànáfùrù díẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é, pẹ̀lú ewé tíì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ewé àná kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìkòkò wọn. Nígbà tí ó bá jinná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á máa dà á láti inú ife tánganran kan sínú èkejì, wọ́n á gbé ọwọ́ kan sókè kọjá orí, títí yóò fi rú ìfófòó. Àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n bí ilẹ̀ pupa àdúgbò Karaworo lẹ́yìn òjò. Òórùn rẹ̀ a gba inú yàrá kọjá bọ́ sí òde, ẹni tí kò ní í yà tẹ́lẹ̀ a sì ṣàdéédé rántí pé òun fẹ́ kí Ìyá.

Ìkorò ni yóò kọ́kọ́ bá ọ lẹ́nu. Bí o bá gbé e mì, tí o sì dúró díẹ̀, adùn kan a gun òkè wá láti ọ̀fun, omi lásán tí o bá mu lẹ́yìn rẹ̀ a sì dà bí ẹni pé a fi oyin sí i. Èmi kò mọ èyí nígbà tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ní kékeré. Mo tu ú dànù. Ìyá Àgbà wo ilẹ̀ tí mo tu ú sí, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì sọ pé: "Ẹni tí kò lè dúró de adùn, kó lọ máa lá ṣúgà."

Ìkánjú wà lára ohun tí ó máa ń bí wọn nínú jù. Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n fi omi gbígbé kaná lé mi lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹ́ tètè lọ síbi ẹ̀kọ́ àfikún, mo sì da gooro sínú omi nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kùn. Àǹtí Sàfú, ọmọ Ìyá Àgbà obìnrin kan ṣoṣo, tí ń gbé inú ilé pẹ̀lú wa, ń fọ atalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ta ló sọ fún ọ pé omi yẹn ti ṣe tán?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Ìyá, ó ti ń rú èéfín."

"Èéfín. Bàbá rẹ náà máa ń rú èéfín tó bá ń mu sìgá. Ṣé ó ti jinná ni?"

Àǹtí Sàfú rẹ́rìn-ín títí atalẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n dìde, wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù sí ìdí igi, wọ́n ní kí n lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí èédú. Mo pàdánù ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń fẹ́ iná, wọn kò sì bẹ̀ mí. Nígbà tí omi hó dáadáa, tí ó ń gbá ọmọrí ìkòkò, ni wọ́n tó sọ̀rọ̀: "O rí i báyìí? Omi tí kò bá hó kò lè fa ohunkóhun jáde lára gooro. Èèyàn náà bẹ́ẹ̀."

Ǹjẹ́ ẹni tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ni a ń pè ní ẹni tí kì í bínú?

Ìyàwó Bàbá Lokongoma kì í ṣe ènìyàn búburú, mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ èyí. Wọ́n fẹ́ràn Ìyá Àgbà, wọ́n sì rò pé iṣẹ́ àdògán ti pọ̀ jù fún arúgbó. Wọ́n wá ra páálí tíì kan wá, irú èyí tí wọ́n dì sínú àpò kéékèèké. Ìyá Àgbà fa ọ̀kan yọ, wọ́n di okùn rẹ̀ mú, wọ́n sì ń wò ó bí ó ṣe ń yí lójú afẹ́fẹ́.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. Tíì ni."

"Wọ́n wé e láṣọ funfun, wọ́n tún so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún àfáà, kí wọ́n kírun sí i lára."

Ìyàwó Bàbá Lokongoma rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì gbé páálí wọn padà. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Ìyá Àgbà lẹ́yìn tí àlejò lọ. Ìrunú wà níbẹ̀. Wọ́n ń gún gooro bí ẹni tí ń fi ìyà jẹ ẹ́, wọ́n sì ń sọ sínú odó pé: "Mi ò lè mu ohun tí wọn kò jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀."

Mállàm kan wà ní ìkóríta wa tí ó ń ta ṣáyì pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin. Òun àti Ìyá Àgbà ti ń bá ara wọn fà á kí a tó bí mi. Bí Ìyá Àgbà bá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, wọ́n á dúró níwájú tábìlì rẹ̀.

"Mállàm, o tún ti ń fi mílíìkì bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Hàjíyà, kọ́sítọ́mà kò fẹ́ ìkorò. Ayé gan-an ti korò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu nǹkan dídùn."

"Ìkorò náà kò lọ o. Ó kàn sá pamọ́ sábẹ́ mílíìkì ni."

"Ẹ fún mi ní gooro yín, kí n bá yín tà á."

"Kí o lè da mílíìkì sí i? Kí n tó fún ọ, màá dà á sódò."

Àwọn ọlọ́kadà tí ó jókòó síbẹ̀ a máa dá sí i, apá kan lẹ́yìn Mállàm, apá kan lẹ́yìn Ìyá Àgbà. Ní ọjọ́ tí Ìyá Àgbà kú, Mállàm kò tajà. Lẹ́yìn tí a sin wọ́n tán ní ọ̀sán, ó gbé kẹ́tùrù ńlá kan wá sínú àgbàlá fún àwọn tí ó wá kí wa. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú Àǹtí Sàfú, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní: "Ti Hàjíyà ni. N kò fi mílíìkì sí i."

N óò tún sọ ti Màmá Ojoma, ará Ígálà tí ilé wọn fara kan tiwa. Ewúrẹ́ wọn wọ àgbàlá wa, ó sì jẹ ewé tíì Ìyá Àgbà kan ìdí. Ìyá Àgbà lọ dúró ní ojúlé wọn, wọ́n sì sọ ohun tí gbogbo àdúgbò gbọ́. Màmá Ojoma fèsì pé ewúrẹ́ kò mọ ààlà, wọ́n ní ẹni tí kò fẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ nǹkan rẹ̀, kó ṣe ìlẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ẹnu-ọ̀nà méjèèjì ń tì gbàgà bí ọ̀kan nínú wọn bá ti rí èkejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà sẹ́ tíì, wọ́n bu ife Màmá Ojoma kún, wọ́n gbé e fún mi.

"Gbé e lọ fún un."

"Ìyá, mo rò pé ẹ̀ ń jà."

"A ṣì ń jà. Sọ fún un pé inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n kó mu ún kó tó tutù."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Màmá Ojoma mu ún lórí ìdúró, wọ́n fi ife náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n sọ fún Ìyá Onígooro pé inú ń bí àwọn náà, àti pé atalẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìjà náà pẹ́ kí ó tó parí, ṣùgbọ́n ife kan kò ṣaláì kọjá lórí ògiri náà lójoojúmọ́ tí ó fi wà. Bí Ìyá Àgbà ṣe ń bínú nìyẹn. Wọn kì í fi ebi tàbí òùngbẹ pa ẹni tí wọ́n ń bínú sí. Wọn kò sì jẹ́ ṣe bí ẹni pé kò dùn wọ́n.

Mo ti dé ibi tí mo ń bẹ̀rù láti dé, nítorí pé inú mi kì í rọ̀ bí mo bá rántí rẹ̀.

Òfin kan wà nídìí ìkòkò tíì ilé wa. Ife àkọ́kọ́ jẹ́ ti onílé, èkejì jẹ́ ti àlejò, àwọn yòókù a tẹ̀lé e bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí, ẹni tí ó sè é ni yóò mu ti ìkẹyìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan tirẹ̀ kí onílé tó mu. Ìyá Àgbà ṣàlàyé fún mi pé láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò gooro a máa ti ọ̀nà jíjìn wá sùn sí ilé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Nítorí náà, onílé ní í kọ́kọ́ mu, kí àlejò lè rí i pé kò sí ibi nínú ohun tí a gbé fún un. Ẹni tí ó bá mu ife àkọ́kọ́ ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún gbogbo ilé. Ife aláwọ̀ búlúù kan ni a ń lò fún un, etí rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, Bàbá Lokongoma ni ó ń mu ife náà bí wọ́n bá wá. Bí wọn kò bá sí nílé, Ìyá Àgbà a mu ún fúnra wọn. Bàbá Lokongoma tún ní ife tiwọn lórí pẹpẹ, funfun tí etí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn láti mu ife kejì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

Mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Àǹtí Sàfú ti ilé ọkọ dé pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Ojú wọn òsì wú débi pé kò ṣí. Mo bi wọ́n pé ṣé oyin ló ta wọ́n, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá Lokongoma wá lẹ́yìn ìrun alásárì. Bàbá mi, tí ń wa ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ní Obajana, wà nílé lọ́jọ́ náà. Ìyá Àgbà ń sẹ́ tíì.

"Sàfúrátù, ìsinmi yìí ti tó," Bàbá Lokongoma sọ. "Lọ́la, màá fi mọ́tò gbé ọ padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ."

"Bọ̀dá, ẹ wo ojú mi."

"Mo ti rí i. Ojú á san. Orúkọ ìdílé tó bá bàjẹ́, ta ló máa wò ó sàn? Kí làwọn ará mọ́ṣáláṣí máa sọ? Ilé Bàbá wa kì í ṣe ilé dálémosú."

Bàbá mi ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé òtítọ́ ni: bàbá mi, tí ó ga tó ìlẹ̀kùn, ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ìyá Àgbà da tíì láti òkè títí ó fi rú ìfófòó. Wọ́n bu ife búlúù náà kún. Bàbá Lokongoma na ọwọ́ láìwo ibẹ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń na ọwọ́ sí ohun tí ó dá a lójú pé tirẹ̀ ni. Ife náà gba orí ọwọ́ wọn kọjá.

"Ìyá, ọwọ́ mi rèé."

"Mo rí ọwọ́ rẹ. Ìwọ ni o kò rí ojú ọmọ mi. Sàfú, gbà."

"Ìyá, ife onílé ni."

"Mo mọ ife tí mo bù. Gbà á, kí o mu."

Àǹtí Sàfú gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n sì mu ún. Ìyá Àgbà wá kọjú sí àkọ́bí wọn. Ohùn wọn kò ga. N kò tíì gbọ́ ohùn tí ó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ títí di òní. "Ọlọ́run tó fún ọkùnrin ní ìpín nínú ilé bàbá rẹ̀ kò gbàgbé ti obìnrin. Ẹni tí mo fún ní ife àkọ́kọ́ lónìí ni yóò máa pàdé àlejò nílé yìí. Tí o bá gbà, jókòó, kí o mu tìrẹ. Tí o kò bá gbà, ọ̀nà Lokongoma kò tíì dí."

Bàbá Lokongoma dìde. Wọn kò mu nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe jáde tán, Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí orí pẹpẹ, wọ́n mú ife funfun náà, wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Láti ọjọ́ náà, Àǹtí Sàfú ni ó ń mu ife àkọ́kọ́. N kò ní sọ pé Bàbá Lokongoma pa ìyá wọn tì, nítorí pé ìyẹn náà kò ní bá òtítọ́ mu. Wọ́n ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ ní Iléyá, wọ́n ń ra oògùn, wọ́n ń wá kí Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n orí ìdúró ni wọ́n ti ń kí wọn, wọn kò jókòó nídìí àdògán mọ́, wọn kì í sì í dá àbúrò wọn lóhùn ju "ẹ kúulé" lọ. Ìyá Àgbà a gba ìrẹsì, wọ́n a dúpẹ́, wọ́n a ṣàdúà fún wọn. Ife funfun náà kò kúrò ní ìdojúdé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n fọ̀ ọ́, kí n nù ún, kí n sì tún dojú rẹ̀ dé. Mo ráhùn nígbà kan pé kí ni mo ń fọ ife tí ẹnikẹ́ni kò fi mu nǹkan sí.

"Fọ̀ ọ́ dáadáa," Ìyá Àgbà sọ. "Ẹni tó ni ín ni mò ń bínú sí, n kò bínú sí ife."

"Ìgbà wo lẹ máa ṣí i, Ìyá?"

"Ọjọ́ tó bá bẹ àbúrò rẹ̀. Kó má bẹ èmi o. Èmi kọ́ ni wọ́n fọ́ lójú."

Ìyá Àgbà ṣàìsàn díẹ̀, wọ́n sì lọ. Bàbá Lokongoma kò tíì bẹ Àǹtí Sàfú nígbà tí wọ́n lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ẹni yìí kan náà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí wọ́n ní Ìyá wa kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, ẹ̀jẹ̀ gun orí mi. Kì í ṣe ìyìn ni mo gbọ́. Bí obìnrin náà kò bá bínú rí, a jẹ́ pé ọjọ́ yẹn kò wáyé. Bí ọjọ́ yẹn kò bá wáyé, a jẹ́ pé Àǹtí Sàfú kò ní ibi kankan nínú ilé náà. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, nítorí pé típà ti da yanrìn sí ẹnu-ọ̀nà wa láti àná.

Nígbà tí àwọn àlejò ọ̀nà jíjìn ti lọ, tí ó ku ìdílé àti àwọn àfáà méjì, Bàbá Lokongoma sọ ọ́ síta. A ó fọ́ àdògán. A ó gé igi dógóyárò, a ó fi kọ́ńkéré bo àgbàlá, a ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. "Sàfúrátù á wá ibì kan tí yóò máa gbé. A ò lè fi ilé sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé ohun tí Ìyá fẹ́ nìyẹn, ẹni àlàáfíà ni Ìyá."

Bàbá mi ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Àǹtí Sàfú wà lórí àpótí Ìyá Àgbà nídìí àdògán. Omi ti hó, gooro ti wọ inú rẹ̀. Wọ́n sẹ́ tíì náà, wọ́n gbé ọwọ́ sókè kọjá orí, wọ́n dà á títí ó fi rú ìfófòó. Wọ́n bu ife búlúù náà kún. Ọwọ́ Bàbá Lokongoma nà jáde láti inú agbádá, láìwo ibẹ̀. Gbogbo wa rí i. Àǹtí Sàfú gbé ife náà sí ẹnu ara wọn, wọ́n sì mu ún, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán.

"Sàfúrátù," Bàbá Lokongoma sọ, "ta ni onílé níbí?"

"Ẹni tí Ìyá fún ní ife yìí lójú yín, Bọ̀dá."

"Ìyá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn kó tó kú. Ìyá kò ní ìbínú nínú."

Àǹtí Sàfú kò gbé ohùn sókè. Wọ́n kàn fi ọwọ́ tọ́ka sí pẹpẹ. "Ife yín rèé. Ọwọ́ Ìyá ló dojú rẹ̀ dé, ọwọ́ mi kọ́. Ẹ bi ọmọ yìí pé ìgbà wo ló fọ̀ ọ́ kẹ́yìn."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní: "Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ikú Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kí n tún dojú rẹ̀ dé."

Bàbá Ìlọrin, àbúrò Ìyá Àgbà, tí ó jẹ́ àgbà jù lọ níbẹ̀, ni ó gbé ọwọ́ jáde. "Sàfú, onílé ti mu tirẹ̀. Èmi ni àlejò. Bu ìkejì fún mi."

Wọ́n bù ú. Bàbá Ìlọrin mu ún, wọ́n nu irùngbọ̀n wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi bínú sí mi lọ́dún mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ kan," wọ́n sọ, wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Wọ́n ń fi gooro ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má fi òkú purọ́ fún mi." Àwọn àfáà gba tiwọn. Nígbà tí ó kan bàbá mi, wọ́n gbé orí sókè. Wọ́n dìde, wọ́n lọ gba ife wọn lọ́wọ́ Àǹtí Sàfú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní: "Ẹ ṣeun, onílé." Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Àǹtí Sàfú wá bi ẹ̀gbọ́n wọn pé: "Bọ̀dá, kí n ṣí i?"

Bàbá Lokongoma wo ife náà. Mo rò pé ẹnu wọn fẹ́ là. Lẹ́yìn náà wọ́n wá bàtà wọn, wọ́n sì jáde gba ẹ̀gbẹ́ yanrìn kọjá lọ sídìí mọ́tò.

Yanrìn náà ṣì wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ Màmá Ojoma ń sùn lórí rẹ̀. Àdògán wà níbi tí ó wà, igi dógóyárò wà, ewé tíì ti tún yọ. Àǹtí Sàfú ń mu ife àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìrun alásárì, èmi ni mo ń gbé omi kaná, n kì í sì í da gooro sí i kí ó tó hó. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo ń sọ ife funfun náà kalẹ̀, mo ń fọ̀ ọ́, mo ń nù ún, mo sì ń dojú rẹ̀ dé.

Bàbá Lokongoma, mo mọ̀ pé ẹnì kan á fi àròkọ yìí hàn yín. Inú ṣì ń bí mi sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ tètè wá, kí ó tó tutù.